Yọ Ọ́ Kúrò Lórí Fóònù Mi

Ní pápákọ̀ òfurufú Calgary ní Kánádà, ìyá àgbàlagbà kan àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ń jiyàn níwájú mi lórí ìlà.

"Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí location yín wà ní on. Mo fẹ́ máa rí ibi tí ẹ bá wà ní Halifax."

"Ọ̀rẹ́ mi ni mò ń lọ kí. Yọ ọ́ kúrò."

"Ẹ ò mọ ibẹ̀ rí. Ẹ̀rù ń bà mí."

"Nígbà tí ìwọ kúrò nílé wá síbí, ta ló fi ibi tí o wà hàn mí? Mo fà ẹ́ lé Ọlọ́run lọ́wọ́, mo sì sùn. Fa èmi náà lé E lọ́wọ́, kí o lọ sùn."

Ọmọ náà yọ ọ́. Mi ò rò pé ìyá yẹn sùn nígbà náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó gba fóònù rẹ̀, ó gbé báàgì, ó wọlé láìwẹ̀yìn.