Ẹ̀gbọ́n Mi Tí Mo Sẹ́

Wọ́n ti dájọ́ ikú fún mi. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti yẹgi fún mi kí ọ̀rọ̀ yìí tó tẹ̀ yín lọ́wọ́. Bí wọn kò bá tíì ṣe é, inú yàrá tóóró yìí náà ni mo wà, tí mo ń tẹ́tí sí ìró kọ́kọ́rọ́ láràárọ̀. N kò bẹ ẹnikẹ́ni pé kó ṣàánú mi. Ẹ̀gbọ́n mi ni mo pa, ọmọ ìyá mi, ọmọ bàbá mi.

Ṣábẹ̀ẹ́, ní ilẹ̀ Kútọnu, ni wọ́n bí wa sí. Bàbá wa ló kó wa wá sí Sabon Gari ní Zaria nígbà tí n kò tíì mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Nígbà tí bàbá kú, Ràímì ẹ̀gbọ́n mi fi ilé ìwé sílẹ̀, ó lọ kọ́ṣẹ́ wẹ́dà ní Danmagaji, kí èmi lè kàwé. Ojú rẹ̀ a máa pọ́n wá sílé nítorí iná irin, síbẹ̀ á bi mí pé, "Kí lẹ kọ́ lónìí?"

Mo kàwé jáde, mo sì fẹ́ wọṣẹ́ ìjọba. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ti ṣáájú mi débẹ̀ sọ fún mi pé, "Bí o bá ní Kútọnu ni wọ́n bí ọ sí, wọn ò ní gbà ọ́. Sọ pé Ìlọrin ni. Yorùbá ṣáà ni gbogbo yín, ta ni yóò mọ̀?"

Mo sọ bẹ́ẹ̀. Bàbá àgbà kan tó jẹ́ ará Ìlọrin bá mi jẹ́rìí, mo gba ìwé ọmọ ìbílẹ̀, mo sì rí iṣẹ́. Ó rọrùn ju bí mo ṣe rò lọ.

Àmọ́ irọ́ kì í dá gbé. Ẹni tó bá di ará Ìlọrin gbọ́dọ̀ ní ilé bàbá níbẹ̀, mo bá ń dárúkọ àdúgbò tí n kò dé rí. Lọ́jọ́ kan Ràímì gbé oúnjẹ wá fún mi lọ́fíìsì, pẹ̀lú ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀ tí iná ti dá lu. Ọ̀gá mi, Alàájì kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, béèrè pé, "Ta nìyí?"

Mo ní, "Wẹ́dà àdúgbò wa ni, sà."

Ràímì gbọ́. Ó gbé oúnjẹ kalẹ̀, ó kí ọ̀gá mi ní Hausa, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tí mo délé, ohun tó bi mí ni bóyá oúnjẹ náà tó mi. Ká ní ó tiẹ̀ bá mi jà ni.

Ní ti òun, ó ní òun kò ní fara pamọ́ nílẹ̀ tí òun gbé dàgbà, tí òun ti fẹ́ Hàdízà, ọmọ Hausa, tí wọ́n sì ti bímọ. Ó kọ̀wé sí ìjọba pé òun fẹ́ di ọmọ Nàìjíríà. Àwọn ìmígíréṣọ̀n wá ń wádìí rẹ̀ ládùúgbò, wọ́n sì dé ọ̀dọ̀ mi. Mo ní, "Aládùúgbò mi ni. Èèyàn dáadáa ni."

Nígbà tó yá, wọ́n pè é sí Àbújá pé kó wá búra. Ó bẹ̀ mí pé, "Jẹ́ ká jọ lọ. Ìwọ nìkan ló kù fún mi nínú ìdílé wa." N kò rí àwáwí ṣe. Mo jókòó sẹ́yìn pátápátá níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní yà mí ní fọ́tò. Àwọn ará Íńdíà wà níbẹ̀, àwọn ará Lẹ́bánónì, àwọn ará Gánà. Ràímì wọ gínì funfun, ó di Kùránì mú, ohùn rẹ̀ sì gbọ̀n níbi ọ̀rọ̀ òyìnbó tí mo ti kọ́ ọ lọ́nà. Nígbà tí wọ́n gbé sẹ́tífíkéètì lé e lọ́wọ́, gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́. Ìlara mú mi, nítorí òótọ́ ló fi gba tirẹ̀.

Nígbà tí à ń padà bọ̀ nínú mọ́tò, ó ní, "Mo ti kọ orúkọ rẹ sí fáìlì mi lọ́dọ̀ àwọn ìmígíréṣọ̀n pé àbúrò mi ni ọ́. Wọ́n ní kí n wá ìwé ìbí àwa méjèèjì, kí ìwọ náà lè bẹ̀rẹ̀ tìrẹ. Mo ti ránṣẹ́ sí Ṣábẹ̀ẹ́."

"Ta ló rán ọ?"

"Ta ni yóò tún rán mi? Mi ò fẹ́ kí o máa sá kiri mọ́."

Títí a fi dé Zaria, ìwé ìbí yẹn ni mo ń rò. Ní àsìkò náà gan-an ni wọ́n ń yẹ ìwé wa wò lọ́fíìsì, kí wọ́n tó gbé wa ga. Oorun kúrò lójú mi. Bí ẹnikẹ́ni bá kan ilẹ̀kùn, mo máa ń rò pé àṣírí mi ti tú ni.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo ní kí Ràímì dúró dè mí ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ká jọ lọ kírun. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù Danmagaji ti tì, kò sí èèyàn lójú títì.

Mo ní, "Lọ yọ orúkọ mi kúrò níbẹ̀."

"Kí n ní kí ló dé?"

"Sọ pé àṣìṣe ni. Sọ pé o ò ní àbúrò."

Ó ní, "Mo ti búra níwájú Ọlọ́run. Èmi ò lè sọ pé mi ò ní àbúrò." Ó gbé búútà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti ṣe àlùwàlá. "Ìwọ náà wá ṣe tìrẹ, ká má pẹ́."

Irin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo gbé e, mo fi lù ú lórí. Ó pe orúkọ mi lẹ́ẹ̀kan. N kò dúró.

Bí mo ṣe já sẹ́tífíkéètì rẹ̀ tó gbé kọ́ sára ògiri, tí mo ki í bọ inú ẹ̀wù mi, tí mo fẹ́ jáde, Hàdízà ni mo bá lẹ́nu ọ̀nà, tó mú aṣọ tí ọkọ rẹ̀ fẹ́ fi kírun wá. Kò pariwo. Ó jókòó sílẹ̀, ó ń bi mí ní Hausa pé kí ni ọkọ òun ṣe fún mi.

Ní kóòtù, wọ́n pe ọ̀gá mi wá jẹ́rìí. Ó ní, "Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ lọ́fíìsì wa pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Ojú wọn jọ. A kàn ní ọjọ́ tó bá wù ú, yóò sọ fún wa ni."

Agbẹjọ́rò ìjọba kọjú sí mi. "Kí ni olóògbé jẹ́ sí ọ?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni."

N kò sọ ọ́ rí láàárín àwùjọ. Hàdízà fi ìborùn rẹ̀ bojú.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má tẹ̀ lé mi. Bí ìwé yín kò bá pé, ẹ sọ pé kò pé. Bí ibi tí ẹ ti wá kò bá wu àwọn èèyàn, ẹ dárúkọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ẹnìkan nínú yín bá sì ti pa irọ́ àkọ́kọ́, kó padà lọ tún un ṣe lónìí, nígbà tó ṣì jẹ́ pé iṣẹ́ nìkan ló lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.