Ìbúra Tí Tawfiq Ṣe ní Las Vegas

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹwàá, 2025. Ọ̀sán ni ní Plumstead, mo wà ní àsàlátù wa, lókè ṣọ́ọ̀bù kan ní High Street. Ọmọ mi Ikram pè mí láti Las Vegas, níbi tí òun àti Tawfiq, ọkọ rẹ̀, ti lọ ṣe honeymoon. Bí a ṣe sọ ọ́ nìyí.

KAFILAT: Hẹ̀lô? Ikram?

IKRAM: Mummy, ẹ káàárọ̀ — ẹ káàsán, sorry. Salamu alaikum.

KAFILAT: Wa alaikum salam. Ilẹ̀ ti mọ́ lọ́dọ̀ yín? Ọkọ ẹ ńkọ́?

IKRAM: Ó wà. Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní nọ́ńbà Alfa Bashiru.

KAFILAT: Alfa tó so yìgì yín? Kí lo fẹ́ fi ṣe?

IKRAM: Mo fẹ́ béèrè nǹkan ni. Quick question.

KAFILAT: Iwájú mi níbí ni wọ́n jókòó sí. Sọ ọ́, mo máa bá ẹ bi wọ́n.

IKRAM: Rárá, ẹ má —

[Ariwo agogo kéékèèké, bíi ti ohun ìṣeré ọmọdé.]

KAFILAT: Ṣé o gbọ́ mi? Kí ló ń ró bẹ́ẹ̀?

IKRAM: Casino ni. Ìsàlẹ̀ hotel ni wọ́n kó gbogbo ẹ̀ sí. Èèyàn ò lè dé ibi lift láìgba àárín ẹ̀ kọjá. Ẹ dúró, mo ń lọ sókè.

KAFILAT: Mo sọ fún yín pé kẹ́ ẹ lọ sí Istanbul.

IKRAM: Adrian ló fún wa ní room yẹn, Mummy. Wedding gift. Ọ̀gá Tawfiq ni níbi iṣẹ́. Ṣé kó ní òun ò gbà ni?

KAFILAT: Kó gbà á, kó dúpẹ́, kó wá lọ sùn sínú flat ẹ̀ ní Royal Arsenal, kó máa wo odò. Kí ni ìbéèrè náà?

[Ìlẹ̀kùn kan pa dé. Ariwo agogo dákẹ́.]

IKRAM: Ọ̀rẹ́ mi kan ló ni ọ̀rọ̀ náà. Tí ọkọ èèyàn bá fi — tó bá fi ìkọ̀sílẹ̀ búra —

KAFILAT: Ìkọ̀sílẹ̀.

IKRAM: — pé òun ò ní ṣe nǹkan kan, tó wá padà ṣe é. Ṣé ó ti kọ̀ ọ́ náà nìyẹn?

KAFILAT: Ọ̀rẹ́ ẹ wo?

IKRAM: Ẹ ò mọ̀ ọ́n.

KAFILAT: Jẹ́ n bọ́ síta.

[Ìró ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Bọ́ọ̀sì ń kọjá.]

KAFILAT: Ó ku èmi àti ìwọ. Kí ni Tawfiq sọ? Ṣé o gbọ́ mi?

IKRAM: Mo gbọ́. Mummy, ẹ má pariwo.

KAFILAT: Ìgbà wo lo gbọ́ ariwo mi rí?

IKRAM: Láti ọjọ́ tá a ti dé ló ti ń ta tẹ́tẹ́. Á ní five minutes, mo máa sùn lọ kó tó padà. Lánàá, daddy ẹ̀ pè wá. Ó ti sú mi, mo bá sọ fún wọn, lórí speaker. Alhaji bẹ̀rẹ̀ sí í bá a wí. Wọ́n ní kí làwọn ò ṣe fún un tó fi di ọmọ tẹ́tẹ́. Ojú tì í gan-an. Ló bá búra.

KAFILAT: Sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́. Má yọ nǹkan kan kúrò.

IKRAM: Ó ní, "Tí mo bá tún fọwọ́ kan ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ kankan nílùú yìí, mo ti kọ Ikram sílẹ̀." Daddy ẹ̀ náà máa ń sọ bẹ́ẹ̀, Mummy. Nínú ṣọ́ọ̀bù wọn, tí customer bá ń yọ wọ́n lẹ́nu, wọ́n á ní tí ẹran yìí ò bá rọ̀, àwọn ti kọ ìyàwó àwọn sílẹ̀. Everybody laughs.

KAFILAT: Ẹran Alhaji máa ń rọ̀. Tawfiq ńkọ́? Ó fọwọ́ kàn án?

IKRAM: Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé —

KAFILAT: Ó fọwọ́ kàn án.

IKRAM: Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ná. Láàárọ̀ yìí, ó ní òun fẹ́ lọ ra búrẹ́dì. Kò tètè padà. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo bá a nídìí machine, òun àti ìyá àgbà òyìnbó kan. Orí kẹ̀kẹ́ aláìsàn ni ìyá náà jókòó sí. Arthritis, gbogbo oríkèé ọwọ́ wọn ló ti wú.

KAFILAT: Irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ni mo ń wẹ̀ fún àwọn arúgbó lójoojúmọ́ níbi iṣẹ́ mi ní Thamesmead. Mo mọ̀ ọ́n.

IKRAM: Ehn. Wọ́n ní kó jọ̀ọ́, kó bá àwọn tẹ bọ́tìnnì. Ó ní ṣé kóun wá wo àgbàlagbà lójú kóun sọ pé rárá ni? Kì í ṣe owó ẹ̀, Mummy. Kò ta nǹkan kan. Ó kàn bá wọn tẹ̀ ẹ́ ni.

KAFILAT: Ṣó dọ̀bálẹ̀ kí wọn náà?

IKRAM: Mummy.

KAFILAT: Mo kàn ń béèrè ni.

IKRAM: Ó ń pè wọ́n ní Mummy.

[Ẹ̀rín kékeré. Ikram fọn imú.]

IKRAM: Mo ti wò ó lórí YouTube. Sheikh kan ní tó bá jẹ́ ìbúra lásán, kéèyàn bọ́ èèyàn mẹ́wàá, it's finished.

KAFILAT: YouTube kọ́ ló so yìgì yín. Dúró sórí ìlà, mo ń lọ bá Alfa.

IKRAM: Ẹ má dárúkọ wa o.

KAFILAT: Mi ò ní dárúkọ ẹnì kankan.

[Ìró ẹsẹ̀. Ohùn àwọn obìnrin tó ń ṣe salátù. Ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ láàárín Kafilat àti ọkùnrin kan. Kò ṣeé gbọ́. Ìró ẹsẹ̀ padà.]

KAFILAT: Ikram? Ṣé o gbọ́ mi?

IKRAM: Mo wà níbí. Kí ni wọ́n wí?

KAFILAT: Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n bi ọmọbìnrin náà ní ìbéèrè kan kí àwọn tó dáhùn. Ṣé ẹ ti jọ sùn?

IKRAM: Mummy, I'm not —

KAFILAT: Èmi náà ò fẹ́ bi ẹ́. Tó bá ti bá ẹ sùn, Alfa ní ó lè fẹnu ara ẹ̀ mú ẹ padà lónìí, kó parí síbẹ̀. Tí kò bá tíì ṣẹlẹ̀ —

[Ìlà ń já wẹ́wẹ́.]

IKRAM: — tí kò bá — kí lẹ wí?

KAFILAT: Ṣé o gbọ́ mi? Dá mi lóhùn ná.

IKRAM: Inú plane ni period mi ti bẹ̀rẹ̀.

KAFILAT: Ṣáájú ìyẹn ńkọ́?

IKRAM: Ṣáájú kẹ̀? Ọ̀dọ̀ yín ni mo sùn lẹ́yìn ìnáwó, ilẹ̀ mọ́, a lọ sí airport. Ẹ̀yin lẹ gbé báàgì mi sínú taxi.

KAFILAT: Èmi ni.

IKRAM: So kí ni Alfa sọ?

KAFILAT: Wọ́n ní yìgì yín ti já nìyẹn. Kò lè fẹnu mú ẹ padà. Àfi yìgì tuntun, owó sàdáàkì tuntun, kí wọ́n sì tún bi ẹ́ bóyá o fẹ́ ẹ.

IKRAM: Nítorí bọ́tìnnì ìyá àgbà?

KAFILAT: Nítorí ẹnu Tawfiq. Alhaji gbọ́ ọ, ìwọ gbọ́ ọ.

IKRAM: Alhaji ò mọ̀ pé ó tẹ̀ ẹ́. Èmi àti ẹ̀yin nìkan la mọ̀. Tá a bá dákẹ́ —

KAFILAT: Èmi rò ó. Orí àtẹ̀gùn yìí ni mo ti rò ó. Àmọ́ ìwọ lo máa dùbúlẹ̀ tì í, Ikram. Ṣé wàá lè sùn? Ẹ máa padà wálé, wọ́n á tún un so. Kò ní ariwo. Wọ́n á bi ẹ́, wàá ní o gbà.

IKRAM: Mi ò mọ̀.

KAFILAT: Kí lo ò mọ̀?

IKRAM: Nígbà tí wọ́n bi mí lọ́jọ́sí, mo ní bẹ́ẹ̀ ni kí Alfa tó sọ ọ́ tán. Mo fẹ́ràn ẹ̀, Mummy. Mo ṣì fẹ́ràn ẹ̀. Àmọ́ tí wọ́n bá tún bi mí lónìí, mi ò mọ ohun tó máa jáde lẹ́nu mi.

KAFILAT: Gbọ́. Oṣù Kejìlá 2010, yìnyín bolẹ̀, bọ́ọ̀sì ò rìn. Bàbá ẹ ti kó ẹrù ẹ̀ lọ. Mo pọ̀n ẹ́, ọmọ ọdún márùn-ún, láti Plumstead dé Thamesmead North, bàtà mi òsì ti lu. Mi ò fẹ́ kí ìwọ dá nìkan rin ọ̀nà bẹ́ẹ̀.

IKRAM: Mo mọ̀.

KAFILAT: O ò mọ̀. O sùn.

[Ìró kíkan ìlẹ̀kùn.]

IKRAM: Òun nìyẹn. Ọ̀dọ̀ mi ni key wà.

KAFILAT: Ṣó mọ̀ pé o pè mí?

IKRAM: Kò mọ̀. Ó rò pé èèyàn mẹ́wàá la máa bọ́. Ó tiẹ̀ ti ń wá mọ́sálásí tí wọ́n ti máa bá wa pín in.

[Kíkan ìlẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan sí i.]

IKRAM: Mummy, ó ń pè mí. Ṣé kí n ṣí i?

KAFILAT: Ikram. Bo orí ẹ kó o tó ṣí i.

IKRAM: Kí lẹ — ẹ ń já — bo kí ni?

KAFILAT: Mo ní kó o bo orí ẹ. Ṣé o gbọ́ mi? Ikram, ṣé o gbọ́ —

[Ìlà já.]

Ikram kì í ṣe ìyàwó Tawfiq mọ́.