Obìnrin tí Mo Há Mọ́ Inú Ihò

Ẹ̀yin ọmọọṣẹ́ wa, ẹ dá ẹ̀rọ dúró díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́, kó má baà jẹ́ pé àbọ̀ ọ̀rọ̀ lẹ máa gbọ́ lẹ́nu aládùúgbò. Èmi tí ẹ ń pè lọ́gàá yìí, èmi ni mo fọ́ ẹ̀gbọ́n mi lójú òsì.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ni ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ yìí. Nígbà tí nǹkan funfun bo ojú wọn méjèèjì, tí wọn ò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́, wọ́n kó àlùmọ́gàjí lé mi lọ́wọ́. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ lè mú un kúrò. Wọ́n kọ̀ jálẹ̀. "Kí wọ́n ki ọ̀bẹ bọ̀ mí lójú? Ṣé ojú mi wá di alùbọ́sà ni?"

Nírọ̀lẹ́, mo máa ń ka ìwé ìtàn kan fún wọn. Ìwé tí mo kà nílé ìwé ò tó nǹkan, ìka ni mo fi ń tọ ọ̀rọ̀. Ìtàn obìnrin kan ni, tó ń wá ọmọ rẹ̀ lọ sí ìlú abẹ́ ilẹ̀, tó sì gbọ́dọ̀ gba inú ihò dúdú kan kọjá. Ẹ̀gbọ́n mi ń bá a rìn. Bó bá ń gun òkè, àwọn náà á máa mí hẹlẹhẹlẹ lórí àga. Nígbà tí a dé ẹnu ihò, wọ́n di ọwọ́ mi mú. "Àbúrò, bí ìyẹn bá wọ òkùnkùn yìí tó sì jáde, èmi náà á lọ bá dókítà. Kò láyà jù mí lọ."

Àyà mi já. Ẹ má rò pé ayọ̀ ni. Àwọn oníbàárà ti ń pè mí ní ọ̀gá, ó sì ń dùn mọ́ mi. Bí ojú wọn bá là, mo tún di ẹni tí wọ́n ń rán lọ ra òwú nìyẹn. Àgbàyà ni mí, ẹ gbà bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì mo ṣí ìwé, mo rí i gbangba pé obìnrin náà jáde. Ohun tí ẹnu mi sọ ni pé, "Ihò náà wó lù ú. Ó parí." Mo pa ìwé dé.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ó dáa tí n kò tíì lọ."

Ọkọ wọn bẹ̀ wọ́n, wọn ò gbà. Nígbà tí ojú òsì bẹ̀rẹ̀ sí í ro wọ́n, tí a gbé wọn dé ilé ìwòsàn, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ojú òsì ti fọ́, ó ku ọ̀tún. Dókítà ní kí wọ́n tètè gbà á là. Wọ́n ṣì kọ̀, torí ihò tí mo wó.

Oorun dá lójú mi. Mo padà sínú ìwé, mo ka ojú ewé tí mo fò. Obìnrin náà ń táràrà, ó ń fọwọ́ wá ògiri, kò mọ̀ bóyá iwájú ló ń lọ tàbí ẹ̀yìn. Mo di ojú mi. Háà! Bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe ń wá ọ̀nà balùwẹ̀ nìyí lójoojúmọ́, tí mo ń wò wọ́n, tí n kò rí wọn.

Àná mo kúnlẹ̀ níwájú wọn, mo jẹ́wọ́.

"Ìwọ!" ni wọ́n wí. "Ìwọ tí mo fi ṣe ojú!" Wọ́n pe ọmọbìnrin wọn. "Gba ìwé lọ́wọ́ ẹ̀. Kà á láti ẹnu ihò. Kí òun náà jókòó kó gbọ́."

Ọmọ náà kà á. Nígbà tí obìnrin náà jáde sínú oòrùn, omi bọ́ lójú méjèèjì ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ní àwọn á gba iṣẹ́ abẹ. Mo na ọwọ́ kí n fà wọ́n dìde. Wọ́n gbá a dànù.

Wọ́n ti lọ sílé ìwòsàn láàárọ̀ yìí, wọn ò ní kí n tẹ̀ lé àwọn. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Ẹ̀yin ọmọdé, bí ẹ bá ń kàwé fún ẹnikẹ́ni, ẹ má dínà mọ́ ọn. Bí ẹ bá sì gbọ́ ìró mọ́tò wọn, ẹ tètè pè mí. N kò tíì mọ ibi tí màá dúró sí tí ojú yẹn bá là, tó sì kọ́kọ́ bọ́ sára mi.