Omi Òjò fún Orí Bọ́lá

Ìgbà tí eegun ẹ̀yìn mi ṣì le, tí mo lè dúró láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ láì wá ibi jókòó… ẹ gbọ́, ṣé fóònù yẹn ti ń gba ohùn mi? Ó dáa. Ìgbà náà, kò sí obìnrin tó ń ṣe irun ní Àjáh yìí tó lè bá mi du ipò. Mi ò yangàn. Ṣé èèyàn ń fi òtítọ́ yangàn ni? Ẹ̀yin ọmọ ọmọ mi méjèèjì, Tọ́lá, Kẹ́mi, ẹ bi ìyá yín wò. Ẹ ní, "Ta ni wọ́n ń pè ní Ìyá Mojí onídìrí?" Ẹ ó gbọ́.

Tọ́lá ló fa ọ̀rọ̀. Ó ní orí ń yún òun, ó ti ra ṣámpù mẹ́ta, ó ń fi krímù lé jẹ́ẹ̀lì, ó ń fi jẹ́ẹ̀lì lé krímù, ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn lórí ò sì kúrò. Ó ní, "Màmá, báwo lẹ ṣe ń ṣe é láyé ìgbà yín?" Inú mi dùn. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí kì í bi àgbà, fóònù ni wọ́n ń bi.

Ìsọ̀ mi wà lábẹ́ igi furúùtù kan, létí ọ̀nà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń la ẹ̀kísípírẹ́ẹ̀sì nígbà yẹn. Katapílà ń ké láti òwúrọ̀, yẹ̀pẹ̀ pupa ń fò. Tí ẹ bá sá aṣọ funfun, kó tó gbẹ, ó ti di aláwọ̀ osùn. Ṣàngótẹ̀dó tí ẹ ń gbé yẹn, igbó ni. Ẹni tó bá ń lọ síbẹ̀ á kọ́kọ́ dágbére fún ará ilé.

Ìyá mi tó bí mi ló kọ́ mi níṣẹ́ irun. Àdí àgbọn nìkan ni tiẹ̀. Á fi kan orí díẹ̀, á dì í, ó parí. Bó bá ń fọ irun, ìka rẹ̀ á máa rìn jẹ́jẹ́. Á ní, "Orí kì í ṣe ìdí ìkòkò. Má ha á." Mo gbọ́ o. Ṣùgbọ́n ṣé gbogbo ohun tí ọmọ bá gbọ́ ló ń fi sọ́kàn?

Nígbà tí títì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣeé gbà, àwọn obìnrin ìgboro Èkó ń fi ọkọ̀ wá sí etí òkun lọ́jọ́ Àìkú. Irun wọn ń dán. Etí irun wọn lẹ̀ mọ́ iwájú orí pẹ́kípẹ́kí. Àwọn ọmọbìnrin wa rí i, wọ́n ní irú ẹ̀ làwọn náà fẹ́. Àdí àgbọn ò lè ṣe bẹ́ẹ̀, tí oòrùn bá mú un, á ṣàn wá sójú. Èmi náà jókòó, mo ronú. Mo ra faselíìnì, mo yọ́ ọ pọ̀ mọ́ àdí àgbọn, mo wá ṣẹ́ àbẹ́là funfun sí i, odindi páálí kan. Mo rò ó pọ̀ lórí iná. Nígbà tó tutù, ó dì dáadáa. Ẹ fi kan irun, irun ò ní mì, ìbáà ṣe oòrùn, ìbáà ṣe afẹ́fẹ́ òkun. Mi ò sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún ẹnì kankan. Inú agolo mílíìkì ni mo ń bù ú sí. Àní wọ́n ń ti Bádóre wá rà á! Mo ń gbéra ga, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́.

Mo wá ní ọ̀rẹ́ kan, Ìyá Bọ́lá. Ẹja ló ń yan, ọkọ rẹ̀ ń pẹja lórí ọ̀sà. Ìjọ aláṣọ funfun tó wà létí ọ̀sà ni wọ́n ń lọ. Bọ́lá ni àkọ́bí wọn, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Irun orí ọmọ yẹn… háà. Ó kún, ó dúdú, bí mo bá tú u, ó ń kan èjìká. Ṣùgbọ́n awọ orí rẹ̀ fẹ́lẹ́. Láti kékeré, bí mo bá fi òwú kó irun rẹ̀, tó fún díẹ̀ báyìí, orí á wú. Ìyá rẹ̀ á máa sọ fún mi pé, "Ìyá Mojí, jọ̀ọ́, rọra o." Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni mo ń ṣe irun fún un, ìpara mi ni mo sì ń lò. Lọ́jọ́ Ẹtì, Ìyá Ìjọ, ìyẹn màmá àgbà tó ń darí àwọn obìnrin ibẹ̀, á ta òróró àdúrà sí i lórí. Yẹ̀pẹ̀ pupa á tún wá bà lé gbogbo rẹ̀. Ta ló ń fọ̀ ọ́ kúrò? Kò sẹ́ni.

Ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í họ orí. Ohun funfun kan ń bọ́ níbẹ̀, ó ń lẹ̀ mọ́ èékánná. Nígbà tó yá, egbò yọ, omi ń jáde lójú egbò, ó ń rùn. Ìyá rẹ̀ mú un wá sí ìsọ̀ mi. Mo wò ó, mi ò tiẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní, "Òróró ìjọ yín ni." Lójú gbogbo oníbàárà! Mo sọ ọ́ lọ́dọ̀ ẹlẹ́ja, mo sọ ọ́ lọ́dọ̀ alágbàdo. "Ẹ wo ohun tí Ìyá Ìjọ fi òróró ṣe sí orí ọmọ ọlọ́mọ." Ìyá Bọ́lá gbà mí gbọ́. Kí ló dé tí kò ní gbà mí gbọ́, ṣebí èmi ni mo mọ orí? Ó lọ bá Ìyá Ìjọ jà, ó ní òun ò dé ọgbà ìjọ mọ́. Èèyàn méjì tí wọ́n ti jọ ń gbàdúrà láti ìgbà oyún Bọ́lá, wọn ò kí ara wọn mọ́.

Bàbá Bọ́lá ní kí wọ́n fá orí ọmọ. Ó ti ra abẹ sílé. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ ń gé irun yín bó ṣe wù yín, ẹ ń kùn ún ní àwọ̀ ata. Nígbà yẹn, opó ni wọ́n ń fá irun fún. Ọmọbìnrin tí bàbá rẹ̀ wà láyé, tí ìyá rẹ̀ wà láyé, kó wá máa gbé orí fífá kiri? Bọ́lá sá wá bá mi, ó di ìró mi mú. "Màmá, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fá a. Ẹ jọ̀ọ́." Mo lọ bẹ bàbá rẹ̀. Ó ní, "Ìyá Mojí, mo fún ọ ní ọ̀la. Tí orí yẹn ò bá yàtọ̀ lọ́la, ọ̀túnla ni màá fá a."

Mo ní kò tó nǹkan. Mo fa omi kànga. Ẹ mọ omi ilẹ̀ wa níbí, ó níyọ̀, ó sì pọ́n. Ọṣẹ kì í hó nínú rẹ̀, ṣe ló máa ń dì. Omi bohóòlù yín ní Ṣàngótẹ̀dó náà nìyẹn, ẹ kàn fi táìsì bo ojú rẹ̀ ni. Mo fi ọṣẹ dúdú pa orí ọmọ yẹn, mo ń fi èékánná ha á. Ó kígbe. Mo ní kó fara dà á. Mo tún un ṣe, mo tún un ṣe… nǹkan yẹn ò kúrò, ọṣẹ tó dì tún wá bá a lẹ̀ síbẹ̀. Nígbà tí mo wo ìka mi, ẹ̀jẹ̀ ni. Mo jáwọ́.

Mo jókòó sórí àpótí. Mo mú òòyà, mo ń yọ ohun tó há sáàárín eyín rẹ̀. Mo fi ìka méjì yí i, ó ṣù, ó le. Sítóòfù mi ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Mi ò mọ ohun tó sún mi ṣe é, mo fi ìdí òòyà gbé e sún mọ́ iná. Ó yọ́. Ó wá gbiná, ó ń jó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, iná rẹ̀ dúró ṣánṣán, ó sì ń rùn bí ìgbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pa àbẹ́là. Òróró àdúrà kì í jó báyẹn. Àbẹ́là tèmi ni.

Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́ fún yín. Kò sẹ́ni tó rí i. Bọ́lá dojú bo itan rẹ̀, ó ń sunkún. Mo lè fẹ́ iná yẹn pa, kí n dákẹ́. Gbogbo ọjà ti gbà pé òróró ni. Tí mo bá sọ̀rọ̀, ta ni yóò tún jókòó síwájú mi? Mo rò ó o. Mo tiẹ̀ rò ó díẹ̀, ojú sì tì mí pé mo rò ó.

Ṣùgbọ́n bí mo ṣe mọ ohun tó wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni mo mọ ohun tí yóò yọ ọ́. Omi tútù ò lè yọ àbẹ́là, ṣe ló ń mú un le sí i. Àdí àgbọn tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ló máa yọ́ ọ. Lẹ́yìn náà, ó ku omi tí ọṣẹ á hó nínú rẹ̀, ìyẹn omi òjò. Ọyẹ́ ló sì ń fẹ́! Gbogbo ìkòkò àdúgbò ti gbẹ. Ibì kan ṣoṣo ni omi òjò ṣẹ́kù sí, nínú àgbá ńlá lẹ́yìn ilé ìjọ létí ọ̀sà. Lọ́dọ̀ ta ni? Lọ́dọ̀ ẹni tí mo bà lórúkọ jẹ́.

Mo bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà bí wọ́n ṣe ń ṣe níbẹ̀. Ìyá Ìjọ wọ sùtánà, ó ń gbálẹ̀. Mo kí i, ó ń gbálẹ̀ rẹ̀ lọ. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Màmá, ẹ má bínú. Kì í ṣe òróró yín. Èmi ni. Mo fi àbẹ́là sínú ìpara mi, òun ló dì mọ́ orí Bọ́lá. Omi òjò ni mo wá tọrọ."

Ó dá ìgbálẹ̀ dúró. Ó ní, "Ta lo sọ fún pé òróró wa ni?"

Mo ní, "Gbogbo ọjà, mà."

"Ta lo wá sọ fún pé ìwọ ni?"

"Ẹ̀yin nìkan, mà."

Ó ní, "Gbé omi ná, ọmọ ń jẹ̀rora. Bí orí rẹ̀ bá ti mọ́, o mọ ọ̀nà ọjà." Ó bá mi gbé garawa kejì fúnra rẹ̀, arúgbó yẹn, títí dé ẹnu ọ̀nà.

Mo dé ilé Ìyá Bọ́lá, mo sọ fún òun náà. Ó ní, "Nítorí ẹnu rẹ ni mo ṣe bá ẹni tó gbàdúrà lé oyún mi jà." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Máa fọ̀ ọ́."

Tọ́lá, fetí sílẹ̀, ohun tí o wá gbọ́ nìyí. Mo gbé àdí àgbọn sínú omi gbígbóná títí ó fi lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo kán an sí ọrùn ọwọ́ mi ná, kò jó mi. Mo ya irun sí kékeré-kékeré, mo fi kàn án díẹ̀díẹ̀, mo yẹra fún ojú egbò. Mo ki aṣọ rírọ̀ bọ omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, mo fún un, mo fi wé orí rẹ̀. Nígbà tí mo tú u, mo fi aṣọ gbígbẹ nu irun láti ìdí dé ṣóńṣó… ẹ wá wo àbẹ́là lára aṣọ! Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó fi omi kàn án. Mi ò fi ọṣẹ pa orí mọ́. Mo po ọṣẹ dúdú díẹ̀ sínú omi òjò, mo fi aṣọ sẹ́ ẹ, mo rọra dà á sí i. Orí ìka ni mo lò, kì í ṣe èékánná. Ẹnì kan ní kí n fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Lórí egbò? Mo lé e lọ.

Kò kúrò tán lọ́jọ́ yẹn, mi ò sì fipá mú un. Bàbá Bọ́lá wá wò ó nírọ̀lẹ́, ó rí awọ orí ọmọ rẹ̀ níbi tí kò ti rí i láti oṣù mélòó kan. Abẹ tó rà, okùn àwọ̀n ló fi gé. Lọ́jọ́ kẹta, irun yẹn ti mọ́ débi pé ó ń dún lọ́wọ́ mi bí mo ṣe ń ṣan án. Bọ́lá sùn lọ sórí itan mi. Ó ti pẹ́ tí ọmọ náà ti sùn láì họ orí. Mo sunkún, ẹ ò gbọ́dọ̀ sọ fún ìyá yín. Àmọ́ ibi tí èékánná mi ti ya awọ, lẹ́bàá àtàrí, irun ò hù níbẹ̀ mọ́ títí dòní. Bọ́lá ti di ìyá àgbà báyìí, Oníru ló ń gbé. Ó máa ń fi irun yòókù bo ibẹ̀.

Mo lọ sọ́jà. Láti ìsọ̀ dé ìsọ̀. "Kì í ṣe òróró Ìyá Ìjọ o. Ìpara mi ni." Mo gba gbogbo agolo tó kù padà. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, wọ́n sọ mí ní Ìyá Alábẹ́là. Àwọn kan bú mi. Mo dé ọ̀dọ̀ gbogbo ẹni tí mo ti kọ́kọ́ sọ ọ́ fún. Lẹ́yìn náà, ìsọ̀ mi dá páro. Ọ̀sẹ̀ kìíní, ọ̀sẹ̀ kejì, ọ̀sẹ̀ kẹta, kò sẹ́ni. Èmi nìkan ni mo ń jókòó, mò ń wo katapílà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tí gbogbo ọlọ́jà ń wò, Ìyá Ìjọ dé. Ìyá Bọ́lá di apá rẹ̀ mú, wọ́n jọ ń bọ̀ ni. Màmá yẹn jókòó sórí àpótí mi, ó ṣí fìlà funfun tí ẹnì kan ò rí i kó ṣí rí níta. Orí rẹ̀ funfun bí òwú. Ó ní, "Òróró àdúrà ti pọ̀ lórí èmi náà. Fọ̀ ọ́ fún mi. Kó o sì rọra."

Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, wọ́n ti tò síwájú ìsọ̀ mi. Ẹ bi ìyá yín.

Háà, ayé ti yí. Ohun tí ẹ ń fi sórí lónìí, ẹ ò mọ ẹni tó sè é, ẹ ò mọ ìlú rẹ̀. Bó bá ba orí yín jẹ́, ta ló máa wá kúnlẹ̀ tọrọ omi nítorí yín? Tèmi burú o, àbẹ́là ni mo fi sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tí mo ṣe é sí mọ ìsọ̀ mi, ó sì bá mi níbẹ̀.