Kọ̀ǹpútà Ní "Yoo"

Nínú tirotiro, bọ́ọ̀sì akérò tó ń ti Asafo lọ sí Bantama ní Kumasi, ọkùnrin kan àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin jókòó níwájú mi, wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa ohùn bàbá wọn tó ti kú, tí wọ́n gbà sílẹ̀.

"Gbogbo wáàsí Bàbá ni, Àǹtí. Mo pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà tó wà lókèèrè pé kó kó ẹ̀dà wọn lọ síbi tuntun. Ó ní 'yoo', ni mo bá pa ti àtijọ́ rẹ́."

"Yoo", ìyẹn ni pé a ti gbọ́, la máa ń dáhùn ní Kumasi bí wọ́n bá rán wa níṣẹ́.

"O ò dúró kó parí?"

"Mo rò pé ó ti ṣe é ni. Ó kàn gbọ́ ni. Ẹ̀yìn ìyẹn ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó sì já láàárín."

"Bí mo bá rán ọmọ ní ata, tó ní 'yoo', ṣé màá da èyí tó wà nílé nù kó tó dé?"

"Mo kọ́kọ́ dán an wò o. Àmọ́ ìgbà tó máa yọrí nìkan ni mo dán wò. Mi ò já a láàárín rí kí n wo ohun tó máa sọ."

"Èyí tí Bàbá ti dá tafsiri Kùránì dúró, tó ní kí n bu omi wá ńkọ́?"

"Ó ti lọ."

Obìnrin náà gbé báàgì rẹ̀ lé itan.

"Mo ti tún ètò náà ṣe. Mo mọ̀ọ́mọ̀ já a láàárín lánàá, ó sì sọ fún mi pé òun ò parí. Ó ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa báyìí."

"Kí ló wá kù tó máa kó?"

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

Obìnrin náà kọjú sí fèrèsé.

"Yoo," ló ní.