Ibi Tí Emil Ju Bọ́ọ̀lù Sí

Ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kejì ọdún 2024, Emil Hruska kú nílé rẹ̀ ní Òpópónà Kẹrin, Brannock, ìpínlẹ̀ Pennsylvania. Ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin ni. Àìsàn ọkàn ló pa á.

Èmi Leonard Pavlik, tí gbogbo yín ń pè ní Lenny, ni mo kọ ìwé yìí. Mo ti bẹ Orville Tate pé kó kà á sókè ní tábìlì ẹ̀yìn ní ilé oúnjẹ Dolores láàárọ̀ Sátidé, nígbà tí oníkálukú bá ti gba kọfí rẹ̀, nítorí ohùn mi kò ní gbé e dé òpin. Gus, mo bẹ̀ ọ́, má já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀ kó tó parí. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa ń lé e bá. Tèmi lọ fún ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Ó ti bá Emil dé etí ibojì, mi ò sì fẹ́ kó bá a gbé ibẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ irin ti kógbá sílé, ìjiyàn kan ṣoṣo ló kù tó ń jí wa lórí bẹ́ẹ̀dì. Nínú gbogbo àwọn kọ́tábáàkì, àwọn tó ń fi ọwọ́ ju bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́, tí Brannock ti bí, ta ni ọ̀gá wọn? Ìlú wa fẹ́ràn ajùbọ́ọ̀lù ju pásítọ̀ lọ. Òun ló ń pe eré, ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo ojú ń wò, bí ẹgbẹ́ bá sì ṣubú, òun nìkan la máa ń sin. Gus Marchetti, tó gẹ irun wa títí irun fi tán lórí wa, kò yé sọ pé Dale Truax ni. Dale gba ife ìpínlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì fi ọdún méje bá àwọn tó ń gbowó oṣù ṣeré. Gus á ní, "Dale ní ife méjì. Kí ni Emil ní? Ẹrẹ̀." Orville á gbé ife kọfí rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lẹ́, torí òun wà lára àwọn márùn-ún tó ń dúró níwájú Emil kí ọ̀tá má bàa tẹ̀ ẹ́ pa. Á ní ògiri márùn-ún ló wà níwájú Dale, agbòjò márùn-ún tó ti ya ló wà níwájú Emil, òun sì mọ̀, torí pé òun jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn agbòjò náà. Síbẹ̀ Emil ń dúró gangan láàárín wọn, á ju bọ́ọ̀lù, á ṣubú, á dìde, á bi wọ́n bóyá ara wọn le. Ibẹ̀ ni Gus ti máa ń pa á lẹ́nu mọ́: "Ṣé agbòjò ló ní kó ju bọ́ọ̀lù ìkẹyìn fún afẹ́fẹ́?"

Gbogbo tábìlì á rẹ́rìn-ín. Emil fúnra rẹ̀ á wà ní kóńtà, á kẹ́yìn sí wa, á máa fi ọwọ́ oníka mẹ́ta rẹ̀ lé ẹyin díndín kiri nínú àwo. Bí ariwo bá pọ̀ jù, á sọ láìyíjú pé, "Dale ni. Ẹ jẹ́ kí n jẹ ẹyin mi." Nígbà náà ni ẹ máa ń kọjú sí mi. Ẹ ní èmi ni mo ń sáré lọ gba bọ́ọ̀lù ọjọ́ náà, kí n sọ ohun tí mo rí. Ọdún mélòó ni mo fi sọ pé ó ti pẹ́, mi ò rántí mọ́? Òpùrọ́ ni mí. Kò sí ohun tí mo rántí tó bẹ́ẹ̀ láyé mi, kódà ojú bàbá mi kò hàn sí mi bẹ́ẹ̀ mọ́.

Òwúrọ̀ Ọjọ́ Ìdúpẹ́ ni, ọdún 1966, òjò sì ń rọ̀. Elcott, àwọn ará òdìkejì odò, la bá ṣeré. Ẹ mọ̀ pé ẹni tó bá fìdí rẹmi lọ́jọ́ náà, tòlótòló tí ìyá rẹ̀ sun kì í lọ lọ́nà ọ̀fun. Wọ́n fi àmì mẹ́rin jù wá lọ. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́sàn-án ló kù, ìlà wọn, tí a gbọ́dọ̀ gbé bọ́ọ̀lù kọjá ká tó borí, kò sì ju ìgbésẹ̀ méjìdínlógún lọ sí wa. Emil kó wa jọ, a tẹrí papọ̀ yí i ká, omi ń kán láti akoto rẹ̀ sórí ọwọ́ mi. Kò pariwo. Ó ní, "Lenny, sáré ìgbésẹ̀ mẹ́wàá lọ tààrà, kó o yà sínú. Má wò mí. Bọ́ọ̀lù á ti wà níbẹ̀." Mo gbọ́ ọ yékéyéké. Mo mi orí. Gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà la fi ṣe eré yìí lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì Saint Cyril, èmi àti òun nìkan, títí mo fi lè di ojú kí n sì na ọwọ́ mú bọ́ọ̀lù.

Ṣùgbọ́n àárín pápá náà, ibẹ̀ gan-an tí mo máa yà sí, ni Stan Burdick ti Elcott dúró sí. Ẹ rántí Burdick, ẹni tí ọrùn rẹ̀ tóbi tó itan mi. Ó ti gbá mi lulẹ̀ ní ìdajì àkọ́kọ́, mo tutọ́, ẹ̀jẹ̀ ló jáde. Mo sáré mẹ́wàá náà. Mo gbé ojú, mo rí i tó ń dúró dè mí. Mo yà síta. Ẹsẹ̀ mi kò yọ̀ nínú ẹrẹ̀, mi ò sì ṣì í ṣe. Mo rí i, mo rò ó, mo sì sá. Bọ́ọ̀lù ti kúrò lọ́wọ́ Emil kí n tó yà, torí bí ajùbọ́ọ̀lù gidi ti ń ṣe nìyẹn: kì í ju bọ́ọ̀lù sí ibi tí èèyàn wà, ibi tí èèyàn náà ṣèlérí pé òun máa dé ló ń jù ú sí. Mo ti wo bọ́ọ̀lù láti ìgbà náà lórí pápá àti lórí tẹlifíṣọ̀n, mi ò tíì rí èyí tó lẹ́wà tó o. Ó ń yí láìgbọ̀n, ó la òjò já, ó dé ibẹ̀ lásìkò gan-an, ní ọ̀gangan àyà mi gan-an. Èmi nìkan ni kò sí níbẹ̀. Burdick na ọwọ́, ó gbà á bí ẹni gba búrẹ́dì lórí kóńtà.

Láti ọjọ́ náà, bí ọmọdé bá ju pépà sínú garawa tí kò wọlé, wọ́n á ní, "Hruska." Ẹ̀yin náà sọ ọ́. Mo bá yín sọ ọ́.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè Kóòṣì McGarry pe àwa méjèèjì sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó fi fíìmù eré náà hàn wá lára ògiri. Òjò mú kó ṣú, ṣùgbọ́n ó hàn pé mo yà síta. Kóòṣì bi mí pé kí ni wọ́n ní kí n ṣe. Oṣù kẹsàn-án ọdún náà la sin bàbá mi, irin já lé e lórí níbi iṣẹ́, ìyá mi kò sì tíì máa jẹun dáadáa. Emil ló dáhùn. Ó ní òun ló yí eré padà lójú pápá, òun fi ọwọ́ júwe sí mi pé kí n lọ síta, òun sì gbàgbé ohun tí òun júwe. Kóòṣì pa iná fíìmù. Ó ní, "Ìwọ lo gbé eré náà sọnù nìyẹn." Emil ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Nígbà tí a jáde, mo bi í ìdí tó fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń so okùn bàtà rẹ̀. Ó ní, "Ojú ìyá ẹ ti rí tó lọ́dún yìí. Wàá sọ ọ́ tó bá yá."

Ọkùnrin tó ń wá láti yunifásítì, tó ti ṣèlérí pé àwọn máa fún Emil ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kó lè wá ju bọ́ọ̀lù fún wọn, kò kọ lẹ́tà mọ́. Ẹ mọ bí nǹkan ṣe rí nígbà náà. Ẹni tó bá wà ní yunifásítì, ogun á dúró dè é. Ẹni tí kò bá sí níbẹ̀, wọ́n á ránṣẹ́ pè é. Wọ́n ránṣẹ́ pe Emil lọ sí Vietnam. Wọ́n yọ̀ǹda èmi nítorí pé èmi nìkan ló ń bọ́ ìyá mi. Ó padà dé ní ọdún 1969, ìka méjì ti lọ lára ọwọ́ ọ̀tún, ọwọ́ yẹn gan-an. Ó wọṣẹ́ níbi ìléru irin. Ní ìrọ̀lẹ́, á lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, á fi ẹnu kọ́ ẹnikẹ́ni tó bá wá bí wọ́n ṣe ń jù ú, nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ kò lè jù ú mọ́. Mi ò gbọ́ kó ráhùn rí. Ní gbogbo ìgbà yẹn, ìṣẹ́jú kan péré ni ọ̀rọ̀ mi ì bá gbà.

Èyí tó burú jù ló kù. Ní oṣù kẹrin ọdún 2011, àwa márùn-ún jókòó ní yàrá ìkàwé ilé ẹ̀kọ́ láti yan orúkọ ẹni tí wọ́n máa kọ sí ẹnu ọ̀nà pápá. Gus àti akọ̀wé fẹ́ Dale. Orville àti ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ fẹ́ Emil. Ó ku èmi. Emil wà lẹ́yìn pátápátá, Irene ìyàwó rẹ̀ ló fi dandan mú un wá, ó wọ kóòtù ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Mo lè sọ pé Dale, kí n sì jókòó. Ìyẹn ì bá ti burú tó. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí pé bí orúkọ Emil bá gun ẹnu ọ̀nà yẹn, ẹnikẹ́ni tó bá kọjá á máa béèrè ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ìkẹyìn. Mo dìde. Mo ní, "Mo wà níbẹ̀. Kò sí ẹnì kankan níbi tó jù ú sí. A kì í kọ orúkọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà tí àwọn ọmọ ń gbà kọjá." Orville, ìwọ tó ń ka ìwé yìí, o wò mí nígbà náà bíi pé mo tutọ́ sínú oúnjẹ. O jàre.

Nígbà tí mo jáde, Emil ń dúró dè mí lórí àtẹ̀gùn. Ó fi ọwọ́ oníka mẹ́ta yẹn bọ̀ mí lọ́wọ́. Ó ní, "Dale yẹ fún un, Lenny. Kò sí wàhálà." Irene kò wò mí. Nígbà tí wọ́n ṣí ẹnu ọ̀nà náà, Dale wá láti Arizona, ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ní ẹni tó kọ́ òun láti máa ju bọ́ọ̀lù síwájú èèyàn, kí òun sì gbà pé èèyàn náà á dé ibẹ̀, wà láàárín wa, Emil Hruska ni orúkọ rẹ̀. Etí Emil pọ́n. Gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́, èmi náà bá wọn pàtẹ́wọ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, nígbà tí a jẹ búrẹ́dì oníwólínọ́ọ̀tì tí àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì ṣe tán ní yàrá ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, Irene ní kí n bá òun délé. Ó gbé páálí bàtà kan sí orí itan mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ó ní kí n má ṣe ara mi ní wàhálà, òun ti mọ̀ láti ọdún tí àwọn ṣègbéyàwó. Ọdún méjìléláàádọ́ta. Gbogbo Kérésìmesì ló sì ń fi búrẹ́dì yẹn ránṣẹ́ sí mi. Mo bi í ìdí tí kò fi sọ. Ó ní, "Ó ní kì í ṣe tèmi láti sọ. Ọdọọdún ni mo ń bi í, ohun kan náà ló ń sọ. Ó ní, 'Lenny ṣì ń sáré bọ̀. Á dé ibẹ̀.'"

Mo ti dé. Mo pẹ́, ẹni tó ju bọ́ọ̀lù sì ti lọ.

Gus, Dale ní ife méjì, kò sẹ́ni tó máa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ti bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ó ní kí wọ́n kọ orúkọ Emil sókè ní ẹnu ọ̀nà pápá náà, kí tòun wà nísàlẹ̀. Ìgbìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́ á jókòó lórí rẹ̀ ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù tó ń bọ̀. Màá lọ, màá sì sọ èyí lójú gbogbo ìlú. Irene, mo tọrọ àforíjì. Ẹ̀yin ará tábìlì, ẹ ṣe mí bó ṣe tọ́ lójú yín. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wọ aṣọ Brannock, ọ̀rọ̀ mi sí yín kò gùn: bí ẹ̀rù bá bà yín lórí pápá, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an kí ẹlòmíì tó gbé e.

Ohun tí Emil Hruska fi sílẹ̀ nìyí: Irene, ọmọbìnrin kan ní Erie, ọkọ̀ akẹ́rù funfun kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kan kì í ṣí àfi láti inú, agolo oúnjẹ tó ń gbé lọ síbi iṣẹ́, tí ó fi ìṣó ha orúkọ rẹ̀ sí, ogójì ọ̀pá tó fi ń gbé tòmátì dúró, tí ó fi ìbọ̀sẹ̀ Irene àtijọ́ dì papọ̀ de ìgbà ìrúwé, àmì ẹ̀yẹ ológun kan nínú agolo ìṣó, ife kọfí rẹ̀ ní kóńtà Dolores, tí kò sẹ́ni tó tíì lò ó, lẹ́tà mẹ́ta láti yunifásítì, èyí tó gbẹ̀yìn nínú wọn jẹ́ ti oṣù kọkànlá ọdún 1966, àti, ní ìsàlẹ̀ páálí bàtà náà, páálí pelebe kan tó ti rọ̀, tí ó fi pẹ́ńsù ya eré ọjọ́ náà sí. Ìlà kan lọ tààrà fún ìgbésẹ̀ mẹ́wàá, ó yà sínú. Níbi tí ìlà náà parí sí, ó ya róbótó kékeré kan, ó sì kọ orúkọ mi sínú rẹ̀.