Abẹ̀bẹ̀ Eré Nídìí Ọkọ̀ Ẹlẹ́rù

Ọlọ́hun Ọba tó ni ọ̀sà, tó ni ilẹ̀, Ìwọ la fi ọpẹ́ fún. Kí ìkẹ́ Rẹ máa bá Ànábì wa. Ẹ̀yin Mùsùlùmí, ẹ̀yin ọmọ ìjọ tẹ́ ẹ wá bá wa jókòó, amánà, ohun tí wọ́n fi síkàáwọ́ ẹni, ni wáàsí mi lónìí. Inú ń bí mi, mi ò sì ní fi pamọ́. Ẹni tí ẹ̀mí èèyàn bá wà lọ́wọ́ ẹ̀, tó wá ń fi ṣe fáàrí, ọ̀dàlẹ̀ ni, kódà kó ti dé Mẹ́kà lẹ́ẹ̀méje!

Ẹ gbọ́. Alhaji kan wà ní ìlú kan létí ọ̀sà, Tìámíyù lorúkọ ẹ̀. Ọkọ̀ onípákó ńlá ló ní, òun ló ń gbé ará ìlú lọ sí òdìkejì, níbi tí ọjà àti ọsibítù wà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń wọkọ̀ ojú omi, ẹ mọ abẹ̀bẹ̀ irin tó ń yí nínú omi nídìí ẹ́ńjìnnì. Nọ́ńbà ló ní, nọ́ńbà yẹn ló ń sọ bí ewé ẹ̀ ṣe tẹ̀ sí. Nọ́ńbà kékeré, ó ń ru ẹrù. Nọ́ńbà ńlá, eré nìkan ló mọ̀ ọ́n sá. Tẹ́ ẹ bá di ẹrù lé e, agbára ẹ́ńjìnnì ò ní ká a. Ẹ ń gbọ́ mi? Ẹ bá mi wo sípíkà yẹn, ó ń hó.

Nọ́ńbà mẹ́tàlá ni Alhaji ń lò látọjọ́ yìí. Ó ń rọra lọ, ó ń gbé wọn dé. Àfi lọ́jọ́ tí ọkọ̀ fáíbà àwọn olówó kan fò kọjá lára ẹ̀, tí wọ́n ta omi sí i láṣọ. Ó ní, "Èmi? Èmi Alhaji?" Ló bá lọ ra nọ́ńbà mọ́kàndínlógún!

Kàsúmù, mẹkáníìkì ẹ̀, ló bá a dè é. Àwọn méjì péré ló wọkọ̀ láti dán an wò. Háà! Ọkọ̀ fò! Gbogbo etí omi ń pàtẹ́wọ́. Kàsúmù ní, "Alhaji, òfìfo ló ń sá báyìí o. Ẹ jẹ́ ká kó àpò iyanrìn sí i, ká tún un dán wò. Tó bá rù, kò ní lè gbérí."

"Kàsúmù, ṣé ìwọ lo ni ọkọ̀ ni?"

"Rárá, Alhaji. Ẹ má bínú, sà."

Ó sì dákẹ́! Ó mọṣẹ́, ó mọ òtítọ́, ó ní "ẹ má bínú"! Ṣé Alhaji ló máa bi í léèrè lọ́jọ́ àlùkìyáámọ̀? Ìwọ tó ò ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn yẹn, iṣẹ́ wo nìwọ ń ṣe?

Ọjọ́ kejì, ọjọ́ ọjà pé. Èèyàn méjìdínlógún, àpò gaàrí, agbọ̀n ẹja. Wọ́n gbé obìnrin kan wọkọ̀, Sìdíkátù, ó ti ń rọbí láti àárọ̀, ìyá ẹ̀ dì í mú. Ẹ́ńjìnnì dún gbùù. Imú ọkọ̀ ò gbé sókè. Ó ń wọ́ bí arúgbó tó ru igi, èéfín ń rú.

Kàsúmù wà nínú ọkọ̀ yẹn. Ó ní, "Alhaji, a ò tíì jìnnà. Ẹ jẹ́ ká padà. Nọ́ọ̀tì kan péré ni màá tú, abẹ̀bẹ̀ àtijọ́ ṣì wà nílé yín."

Ìyá Sìdíkátù kígbe, "Alhaji, ẹ ṣàánú wa, ẹ padà!"

Alhaji bojú wẹ̀yìn. Ó rí àwọn tó pàtẹ́wọ́ fún un lánàá, wọ́n dúró, wọ́n ń wò ó. Ó ní, "Kí n padà lójú wọn?" Ó tún fi kún iná ẹ́ńjìnnì!

Ẹ́ńjìnnì gbóná, ó kú láàárín ọ̀sà. Pákó ìjókòó ni wọ́n yọ tí wọ́n fi ń wa ọkọ̀, oòrùn ń pa wọ́n. Ibẹ̀ ni Sìdíkátù bímọ sí. Ọmọ ọkùnrin. Kò ké. Ìyá Sìdíkátù gbá a nídìí títí, kò ké.

Ẹ mọ ohun tí Alhaji sọ? Ó ní kádàrá ni! Kádàrá wo? Ṣé kádàrá ló lọ ra mọ́kàndínlógún? Ṣé kádàrá ló ń tijú àtipadà? Ẹ má gbé iṣẹ́ ọwọ́ yín kọ́ Ọlọ́hun lọ́rùn o!

Èmi náà lọ kí Sìdíkátù. Mo jókòó, mo ní kó ṣe sùúrù, mo ní kó gba kádàrá. Bẹ́ẹ̀ ni, èmi náà sọ ọ́! Ó wò mí. Ó ní, "Alfa, ẹ̀yin lẹ ṣe àdúà sí abẹ̀bẹ̀ yẹn lọ́jọ́ tí wọ́n dè é. Ṣé ẹ bèèrè pé èèyàn mélòó ló máa gbé?"

Mi ò bèèrè. Mọ́sà tí wọ́n fi ṣe sàárà ni mò ń jẹ lọ́jọ́ yẹn. Ara mi ni mo ń bínú sí tí mo fi ń pariwo mọ́ yín yìí.

Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹrù là á wò ká tó yan abẹ̀bẹ̀. Tó o bá mọ òtítọ́ iṣẹ́ ẹ, sọ ọ́, kódà kí wọ́n lé ẹ. Tí wọ́n bá sì sọ fún ẹ, padà, kódà kí gbogbo ìlú máa wò ẹ́.

Ọlọ́hun, fún wa ní ẹnu tó ń sọ̀rọ̀ lásìkò. Fún wa ní ọkàn tó lè padà. Tu Sìdíkátù nínú. Dárí ji èmi tí mo ṣe àdúà láìbèèrè. Ẹ ṣe àmín. Kò tó! Ẹ̀yin ọlọ́kọ̀ tẹ́ ẹ jókòó sẹ́yìn yẹn, tiyín ni mo fẹ́ gbọ́.